Bí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé John Wesley ní Lọ́ńdọ̀nù: ìtọ́sọ́nà láti ojú títì dé yàrá àdúrà

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa, pàápàá tí ìgbà ooru bá ti wọlé tí àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ilé: "Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ọmọ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n láti kékeré, wọ́n ní àfi káwọn fojú kan ilé Wesley káwọn tó padà. Báwo la ṣe máa ṣe é?"

John Wesley ni oníwàásù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Wíwo ilé rẹ̀ kò le rárá, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń débẹ̀ tí wọ́n á ya fọ́tò nídìí ère, wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọrin, wọ́n á tún ya fọ́tò mìíràn, ìgbà tí wọ́n bá fi máa béèrè ilé, àsìkò ti lọ. Ilé yẹn gan-an sì ni ohun tó yẹ kí ìyá àgbà fojú rí. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́, kí ohun yòókù máa tẹ̀ lé e.

## Ohun tí ẹ ń lọ bá níbẹ̀

Ojúlé 49, City Road, ni ẹ ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí fóònù, EC1Y 1AU ni. Inú ọgbà kan náà ni ohun mẹ́rin wà:

- Ilé Wesley, tí wọ́n kọ́ ní 1779, tí Wesley fúnra rẹ̀ gbé títí tó fi kú síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 1791.
- Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1778.
- Mùsíọ́mù Mẹ́tọ́díìsì, lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà.
- Ibojì Wesley, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Bunhill Fields, itẹ́ òkú àtijọ́ kan, wà ní òdìkejì títì. Ẹ má fi sílẹ̀, màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tí a bá débẹ̀.

Wọn kì í gba owó ìwọlé, ọrẹ ni wọ́n ń gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ ni o, ẹ ó sì bá àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó pọ̀ nínú ìjọ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ohun tí màá kìlọ̀ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀.

## Kí ẹ tó jáde nílé

1. Ẹ yan ọjọ́ tó dáa. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé èèyàn á mú òbí rẹ̀ lọ ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, á rò pé tí ìsìn bá parí, àwọn á kàn yà sínú ilé. Ìsìn ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, wọn kì í mú àlejò yí ká ilé lásìkò yẹn. Tí Màmá bá fẹ́ jọ́sìn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan, kí wíwo ilé jẹ́ ọjọ́ mìíràn. Àárín ọ̀sẹ̀ ló dáa jù fún wíwo ilé: èrò kì í pọ̀, atọ́nà á sì ráyè dáhùn ìbéèrè.

2. Ẹ wo ìkànnì wọn ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú o, ọjọ́ tó ṣáájú gan-an. Ìgbéyàwó lè wà, ìsìnkú lè wà, ìpàdé ìjọ lè wà, apá kan nínú ọgbà á sì wà ní títì. Wákàtí tí wọ́n ń ṣí máa ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹnì kan sọ fún yín ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

3. Ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ kọ ímeèlì. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi wọ́n: aago mélòó ni ẹ máa mú èèyàn wọ Ilé lọ́la? Ṣé atọ́nà máa wà? Àwọn atọ́nà wọ̀nyí, olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n. Tí ara ẹnì kan kò bá yá, ètò ọjọ́ náà lè yí. Ìpè kékeré yẹn á gba yín lọ́wọ́ wàhálà.

4. Ẹ yọ wákàtí mẹ́ta sílẹ̀. Ilé nìkan lè gbà tó wákàtí kan tí atọ́nà bá jẹ́ ọlọ́rọ̀. Ẹ má ṣe fi ìrìn yìí sáàárín ọjà rírà àti àsè ọjọ́ ìbí.

5. Ẹ ronú nípa aṣọ. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn kí fọ́tò dùn ún wò, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹ má wọ aṣọ tó gbayì. Àmọ́ ilé ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, ó ga, nǹkan ẹlẹgẹ́ sì wà lórí tábìlì nítòsí ibi tí ẹ ń gbà kọjá. Apá agbádá kan ṣoṣo lè gbá nǹkan tó ti wà láti ayé ọba George Kẹta dà nù. Bùbá àti ṣòkòtò tó fún bàbá. Tí ó bá jẹ́ dandan kí agbádá wà, kí ẹnì kan gbé e lọ́wọ́ títí ẹ ó fi jáde, kí bàbá wá wọ̀ ọ́ nídìí ère. Fún ìyá, bàtà pẹlẹbẹ tí kì í yọ̀. Gèlè kò burú, kó má kàn ga débi tí á máa kọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

### Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

- Káàdì tí ẹ máa fi san owó ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn méjì kò lè fi káàdì kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ ojú irin.
- Owó ọrẹ tí ẹ ti pinnu kí ẹ tó dé.
- Omi àti oògùn Màmá, nínú báàgì kékeré.
- Súwẹ́tà, kódà nígbà ooru. Àwọn yàrá tí oòrùn kì í dé máa ń tutù.
- Awò ojú tí ẹ fi ń kàwé, torí àkọlé wọn kéékèèké ni.

Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ nílé. Ẹ má gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù wá.

## Bí ẹ ṣe máa débẹ̀

Old Street ni ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, lórí Northern line. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni láti ibẹ̀, ẹ kàn máa tẹ̀ lé City Road sí ìhà gúúsù. Moorgate náà kò jìnnà.

- Láti Peckham, Camberwell àti Walworth: ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Elephant & Castle, kí ẹ wọ Northern line tààrà lọ sí Old Street. *Ẹ kíyè sí i:* gbogbo ọkọ̀ Northern line tó ń lọ síhà àríwá láti ibẹ̀ ló ń gba Bank dé Old Street.
- Láti Woolwich, Thamesmead àti Abbey Wood: Elizabeth line lọ sí Liverpool Street. Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, apá tí wọ́n kọ Moorgate sí ni kí ẹ gbà jáde, ó máa dín ìrìn kù.
- Láti Barking: Hammersmith & City line lọ tààrà sí Moorgate.
- Láti London Bridge: bọ́ọ̀sì 43 ń gba City Road kọjá. Fún àgbàlagbà tí àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀ máa ń rẹ̀, èyí ni mo fọwọ́ sí jù.

Ẹ má gbé mọ́tò lọ tí kò bá jẹ́ dandan. Ọgbà náà wà nínú agbègbè tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba owó lórí mọ́tò tó bá wọ̀lú. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àlejò, ìwé ìtanràn sì máa ń tètè dé. Tí ẹsẹ̀ àgbàlagbà bá le gan-an, tasín tó máa já yín sẹ́nu géètì sàn ju mọ́tò tiyín lọ.

## Tí ẹ bá ti dé: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ kọjá níwájú ère, ẹ má dúró. Géètì irin ni ẹ ó gbà wọlé. Ère Wesley ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1891, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù. Ère kò níbi tó ń lọ.

2. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àlejò. Ẹ kí wọn, kí ẹ sọ iye yín, kí ẹ sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé Ilé ni ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wò. Ẹ béèrè aago tí atọ́nà máa jáde. Tí ó bá ku ìdajì wákàtí, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ ti dúró, kí Màmá lè jókòó. Ẹ béèrè ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nísinsìnyí, kí gbogbo ará ilé sì lò ó. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin níbẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun àwòyanu: láti 1899 ló ti wà, igi àti òkúta rẹ̀ ṣì ń dán, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

3. Ẹ sọ fún atọ́nà ibi tí ẹ ti wá. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ẹ bá sọ pé láti Nàìjíríà ni ẹ ti wá, pé ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án 1842 tó fi gbé ìjọ dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ á yí padà. Atọ́nà kò ní ka àkàsórí fún yín mọ́, ohun tó kàn yín ni á máa tọ́ka sí. Bí gẹ̀ẹ́sì Màmá kò bá dán mọ́rán, ẹ bẹ atọ́nà kó máa dánu dúró díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè túmọ̀. Wọn kì í kọ̀.

4. Ẹ wọ Ilé, kí ẹ sì fara balẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì láti títì, Ilé wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Yàrá ìjẹun wà nísàlẹ̀, ilé ìdáná sì wà ní abẹ́ ilẹ̀. Kò sí iná mànàmáná nígbà náà, kò sí omi ẹ̀rọ nínú yàrá. Ẹ wo ibi ìdáná tó wà nínú yàrá, kí ẹ wá ronú sí ẹni tó ń ru èédú àti omi gun àtẹ̀gùn yẹn lójoojúmọ́. Àwọn ọmọdé tó bá bá yín lọ máa lóye ilé náà kíákíá tí ẹ bá fi èyí hàn wọ́n. Wesley kì í sì í dá gbé ibẹ̀: àwọn oníwàásù mìíràn ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, àlejò sì ń wọlé tó ń jáde.

5. Ẹ gun òkè, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan. Kí àgbàlagbà ṣáájú, kí ọmọ tó lágbára tẹ̀ lé e. Kí gbogbo yín di igi ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ẹ má fara ti ògiri.

6. Nínú yàrá ìkàwé, ẹ wá nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àga kan tó ṣàjèjì: ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ á kọjú sí ẹ̀yìn àga, á ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, á wá gbé ìwé lé pákó kékeré tó wà lókè rẹ̀. Ìkejì ni "ẹṣin inú ilé", àga onísípíríìnì tí èèyàn á jókòó lé tí á máa fò sókè sódò, kí ara lè máa rí ìmíra tó ń rí lórí ẹṣin. Ẹni tó ń gẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wàásù títí ó fi darúgbó ni, tí òjò òtútù kò bá jẹ́ kó jáde, àga yẹn ni á gùn. Ìkẹta ni fèrèsé tó kọjú sí títì. Bunhill Fields ni ẹ ó máa wò lódìkejì, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀, Susanna, sí ní 1742.

Ẹ béèrè ẹ̀rọ iná mànàmáná rẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni, ó máa ń ta iná mànàmáná díẹ̀ sí èèyàn lára, òun ni Wesley fi ń tọ́jú àwọn tálákà tí kò lówó dókítà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́, àmọ́ ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ìfẹ́ àwọn aláìní ló sún un dé ìdí rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi atọ́nà ní yàrá kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ti Wesley fúnra rẹ̀ nìyí, àbí ti ìgbà ayé rẹ̀?" Nínú irú ilé báyìí níbi gbogbo lágbàáyé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí onílé fọwọ́ kàn, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n rà lẹ́yìn náà kí yàrá lè dà bí ti àtijọ́. Àwọn atọ́nà kì í fi pamọ́ tí ẹ bá béèrè. Ẹ ó wá mọ ibi tó yẹ kí ẹ dúró pẹ́ sí.

7. Yàrá ìbùsùn. Ibí ló kú sí, ó ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó sọ gbẹ̀yìn ni pé èyí tó dára jù lọ ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Màmá yín lè ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀.

8. Yàrá àdúrà: ẹ má kánjú. Yàrá kóńkóló kan ló ṣí láti inú yàrá ìbùsùn, kò tóbi ju ibi tí wọ́n ń kó àpótí sí nílé wa lọ. Fèrèsé kan, tábìlì kékeré, ibi ìkúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni Wesley ti máa ń gbàdúrà láàárọ̀ kùtùkùtù, torí aago mẹ́rin ló máa ń jí. Gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà yẹn, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, yàrá yìí ni màá mú.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù dúró sí yàrá ìbùsùn. Kí ẹ bi atọ́nà pé ṣé ẹ lè gbàdúrà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á gbà, wọ́n á tiẹ̀ sún sẹ́yìn fún yín. Ẹ gbà á ní ohùn pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ibi ìpàtẹ́wọ́, kì í sì í ṣe ibi tí ẹnì kan á ti máa gbàdúrà fún ìdajì wákàtí, torí àlejò mìíràn wà lẹ́yìn yín. Ẹ fi fóònù sápò ní yàrá yìí. Ẹ ya fọ́tò kan kí ẹ tó jáde tí atọ́nà bá gbà, láìlo fìláàṣì, ó tó.

9. Ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jókòó kí ara fúyẹ́. Ẹ wo àga ìwàásù, kí ẹ wo àwọn òpó òkúta tó ń dán tí àwọn ọmọ ìjọ láti òkèèrè fi tọrẹ, wọ́n gbé wọn síbẹ̀ dípò òpó igi ọkọ̀ ojú omi tí Ọba George Kẹta fi ta ìjọ lọ́rẹ nígbà ìkọ́lé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni dùùrù Charles Wesley wà, àbúrò John, ẹni tó kọ ọ̀pọ̀ lára orin tó wà nínú ìwé orin wa. Tí kò bá sí ìsìn lọ́wọ́, ẹ lè béèrè bóyá ẹ lè kọ ẹsẹ kan.

10. Ibojì. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ sẹ́yìn. Ilé ọ́fíìsì onígíláàsì ló yí i ká báyìí. Ẹ dúró, ẹ dákẹ́, ẹ ka àkọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bu erùpẹ̀ ibẹ̀, ẹ má da òróró sí i, ẹ má sì tan àbẹ́là. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú un wá, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ẹ. Ojú tí wọ́n bá sì fi wo ẹnì kan nínú wa ni wọ́n máa fi wo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

11. Mùsíọ́mù, lẹ́yìn náà ère. Tí agbára bá ṣì wà, ẹ yí ká mùsíọ́mù. Tí kò bá sí, ẹ fò ó. Ère ni kí ẹ fi parí, níbi tí ẹ ti máa ya gbogbo fọ́tò tí ẹ fẹ́, pẹ̀lú agbádá àti gèlè.

## Fún àwọn tí orúnkún ń dùn

Kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè nínú Ilé. Ẹ má ṣe tan bàbá tàbí ìyá pé "kò ga." Ó ga. Àmọ́ àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mùsíọ́mù. Ohun tí àwọn ẹbí tó gbọ́n máa ń ṣe ni pé ẹnì kan á jókòó ti Màmá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan á gun òkè lọ, á bi atọ́nà bóyá òun lè ya fídíò yàrá àdúrà, á gbé e sọ̀ wá fún Màmá, á jókòó tì í, á sì ṣàlàyé yàrá kọ̀ọ̀kan fún un. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ náà léèrè nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n, kí wọ́n lè bá yín ṣètò ohun tó bá ṣeé ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ó lè gùn ún ṣùgbọ́n tí mímí á ṣòro, ẹ má kọjá ibi tí yàrá àdúrà wà. Ẹ má lọ sí òkè tó tún kù.

## Tí ẹ bá pọ̀: ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ ọkùnrin

Ẹ má kàn gbé bọ́ọ̀sì èèyàn ogójì débẹ̀. Yàrá wọn kò gbà wọ́n, atọ́nà kò sì ní tó.

1. Ẹ kọ lẹ́tà ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Ẹ kọ iye èèyàn, ọjọ́ méjì tó rọ̀ yín lọ́rùn, iye àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn, àti bóyá ẹ fẹ́ gbàdúrà tàbí kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì.
2. Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ kéékèèké kí ẹ tó dé, kí ẹ sì yan olórí fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀wọ́ kan bá wà nínú Ilé, kí èkejì wà nínú mùsíọ́mù, kí ẹ̀kẹta wà ní Bunhill Fields.
3. Kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti mọ ibi tó máa já yín sí àti ibi tó máa lọ dúró. Kò lè dúró sí City Road.
4. Ẹ kó ọrẹ ẹgbẹ́ jọ tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan fi lélẹ̀ lórúkọ gbogbo yín.

## Lórí ọ̀rọ̀ ọrẹ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jáde lọ́wọ́ òfo. Títún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń gbówó lórí, olùyọ̀ǹda ara ẹni sì ni àwọn tó mú yín yí ká. Wọ́n lè bi yín nípa Gift Aid. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹni tó ń san owó orí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fọwọ́ sí i, ìjọba á fi pẹ́ńsì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń sanwó orí níbí ni kó fọwọ́ sí i. Màmá tó wá láti Ìbàdàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kódà kó jẹ́ pé owó rẹ̀ ni.

## Bunhill Fields àti oúnjẹ

Ẹ dá títì kọjá níbi tí iná ìdarí ọkọ̀ bá wà, ẹ má sáré gba àárín mọ́tò. Nínú itẹ́ náà ni Susanna Wesley wà, bẹ́ẹ̀ ni John Bunyan, tó kọ ìwé Pilgrim's Progress, àti Isaac Watts, ẹni tí orin rẹ̀ kún inú ìwé orin ìjọ wa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má lè wọ àárín àwọn ibojì tí wọ́n fi irin yí ká, àmọ́ ọ̀nà tó wà láàárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bẹ́ǹṣì sì wà lábẹ́ igi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ ìpápánu. Tí ẹ bá fẹ́ oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, ọjà Whitecross Street kò jìnnà lẹ́yìn ibẹ̀.

## Tí ẹ bá bá Ilé ní títì

Ẹ má bínú padà sílé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè lọ síbòmíì:

- Ilé Dókítà Johnson, 17 Gough Square, nítòsí Fleet Street. Ibẹ̀ ni Samuel Johnson ti ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Francis Barber, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Jàmáíkà, gbé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, òun ni Johnson sì fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún. Wọ́n ń gba owó ìwọlé, àtẹ̀gùn sì pọ̀.
- Ilé Handel, 25 Brook Street. Ẹgbẹ́ akọrin tó bá ti kọ "Halelúyà" rẹ̀ ní Kérésìmesì máa gbádùn rẹ̀. Níbẹ̀ ló gbé láti 1723 títí tó fi kú ní 1759.

Tí ẹ bá lè lọ jìnnà, Bristol lè gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín. New Room tí Wesley bẹ̀rẹ̀ ní 1739 wà níbẹ̀, òun ni ilé Mẹ́tọ́díìsì tó pẹ́ jù lọ lágbàáyé. Ìlú kan náà ni Georgian House wà, ilé olówó oko ìrèké kan, níbi tí Pero Jones, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, ti sin ọ̀gá rẹ̀. Kì í ṣí ní gbogbo ìgbà nínú ọdún, nítorí náà ẹ wo ìkànnì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Fún ẹni tó fẹ́ rí ibi tí Wesley ti dàgbà, Epworth ní Lincolnshire ni. Iná jó ilé àkọ́kọ́ ní 1709, wọ́n yọ John kékeré láti ojú fèrèsé, wọ́n sì tún ilé náà kọ́, òun náà ni wọ́n ń fi han àlejò dòní. Ọkọ̀ ojú irin kò dé abúlé yẹn, nítorí náà ibi tí mọ́tò ti wúlò nìyí.